Ife tó ga, ègé 8 àti "ó ń wò mí": ohun tó ń pa òbí lẹ́rìn-ín lára àwọn ọmọ ìyá kan náà, àti ohun tó ń fà á

Ìyá Oníṣirò (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́. Ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan mọ̀ pé ọjọ́ kan kì í lọ kí wọ́n má ṣe ohun tó máa múni rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú. Mo fẹ́ ká kó wọn jọ síbí, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù fi ohun tó ń fà á àti ohun tí òbí lè ṣe sí i kún un. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní wàhálà ọmọ, ìṣirò ni. Ìwọ̀nba ọgbọ́n tí ọjọ́ orí rẹ̀ gbé ni ọmọ fi ń ṣírò, ó sì ń ṣírò dáadáa.

Omi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn mílílítà 150 sínú ife tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wọn 150 mìíràn sínú ife tó kúrú tó sì fẹ̀ lẹ́nu. Ẹ gbé èyí tó ga fún ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé èyí tó fẹ̀ fún àbúrò tó jẹ́ ọmọ ọdún 4. Igbe tó máa ké ni pé ẹ ti rẹ́ òun jẹ. Ẹ tún omi méjèèjì wọ̀n lójú rẹ̀, ẹ fi hàn án pé iye kan náà ni. Á gbà. Ẹ dà á padà sínú ife, ẹkún tún dé. Jean Piaget, onímọ̀ ìrònú ọmọdé láti Switzerland (1896–1980), ló sọ irú ìdánwò yìí di olókìkí. Ohun tó rí ni pé títí di nǹkan bí ọdún 7, ibi tí omi ga dé ni ọmọ ń wò, kì í fi bí ife ṣe fẹ̀ tó kún un. Nítorí náà àlàyé ò ràn án. Ife tó jọra ló ràn án: gíga kan náà, ẹnu kan náà. Ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ bu omi sí wọn, kí àwọn ọmọ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ègé búrẹ́dì náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ sí 4 gbà pé òun ju ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ sí 2 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì kan náà ni. Òbí tó mọ̀ ọ́n á kàn gé ti ẹni tó ń sunkún sí 4, ẹkún á dá. Kí ó ṣáà múra sílẹ̀, nítorí ẹnìkejì lè ní kí wọ́n gé tòun sí 8.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ ṣeun, Ìyá Oníṣirò. Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn òbí máa ń ní kí ọmọ kan gé, kí èkejì mú èyí tó wù ú. Ọgbọ́n tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Ẹni tó ń gé gbọ́dọ̀ lè rò ó ṣáájú pé, "Bí mo bá gé e láìdọ́gba, èyí tó tóbi ni yóò lọ." Ọmọ ọdún 4 kì í tíì ronú débẹ̀. Á gé ọ̀kan ràgàjì, á gé èkejì pín-ín-pín, inú rẹ̀ á máa dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá na ọwọ́ sí ràgàjì. Ẹ dúró dìgbà tí ẹni tó ń gé bá tó ọdún 6 tàbí 7. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ gé e, kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ mú lónìí, kí èkejì kọ́kọ́ mú lọ́la. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kàn sára kàlẹ́ńdà, torí pé kò sí ọmọ kan tó máa gbà pé òun ló kọ́kọ́ mú lánàá.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti nǹkan ìṣeré tí ẹnikẹ́ni ò wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ bí òkúta. Bí àbúrò bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó di ohun tí ẹ̀gbọ́n ò lè gbé ayé láìsí i. Ẹ má pè é ní ìkà. Mọ́tò ìṣeré tó wà nílẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ọmọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnìkan ń yí, ó ń pariwo, ó sì ń fi ohun tí wọ́n lè fi í ṣe hàn. Láàárín oṣù 18 sí ọdún 3 ló máa ń le jù.

Bàbá Onígi

Ẹ má bínú o, ṣé ẹ ò kàn ní ra méjì ni? Kí àwọ̀ wọn bára mu, ìjà á parí.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Bàbá, ó máa ń parí díẹ̀ nínú rẹ̀, pàápàá fún ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ bíi ife, ṣíbí àti pẹ́ńsùlù ìyàwòrán. Ní 1932, Mildred Parten kọ ìwádìí kan jáde lórí bí ọmọdé ṣe ń ṣeré. Ó rí i pé àwọn kéékèèké sábà máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á máa fi nǹkan tó jọra ṣeré láìbá ara wọn ṣe é pọ̀. Fún irú eré bẹ́ẹ̀, méjì-méjì dára gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di "èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́," kódà bí ẹ bá ra mẹ́wàá, èyí tó wà lọ́wọ́ yẹn nìkan ni nǹkan ìṣeré, mẹ́sàn-án yòókù ti di ẹrù.

Aago ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Fún ọmọ ọdún 2 sí 3, ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 ti tó. Fún ọdún 4 sí 5, ẹ lè lọ dé 5. Aago oníyanrìn dára ju ti fóònù lọ, torí pé ọmọ ń rí i pé àkókò ń dínkù, kì í ṣe pé wọ́n kàn sọ fún un. Ẹ gbé aago náà lé ẹni tó ń dúró lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á dí, á sì di ọ̀gá aago. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí àgbàlagbà gbàgbé: yanrìn ti tán, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ṣì ń ṣeré. Ẹ̀ẹ̀mejì péré tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ọmọ á mọ̀ pé ẹ̀tàn ni "ó máa tó kàn ẹ́."

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rín náà wá síbi tó ti kan ìlera. Àbúrò máa ń sín ẹ̀gbọ́n jẹ nínú gbogbo nǹkan: bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń wúkọ́, bó ṣe ń bínú ká ọwọ́ sáyà. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n ọdún 6 fi ń ṣeré kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà nítòsí ọmọ oṣù 10, ẹnu sì ni ọmọ oṣù 10 fi ń wo nǹkan.

Ihò kékeré kan wà tí wọ́n fi ń dán nǹkan ìṣeré àwọn tí kò tíì pé ọdún 3 wò. Mílímítà 31.7 ni ó fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dagun, tó fi jìn láti mílímítà 25.4 dé 57.1. Ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ tán lè há ọmọ lọ́fun. Nínú ilé, ẹ lo páálí róbótó tó máa ń wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó fẹ̀ ju ihò yẹn lọ díẹ̀, nítorí náà ó tún fi ààbò kún un. Nǹkan tó bá já bọ́ gba inú rẹ̀, kí ó gòkè kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà:

– Orí tábìlì tó ga ju àyà àbúrò lọ ni kí ẹ̀gbọ́n ti máa to nǹkan wẹ́wẹ́ rẹ̀, lórí tíréè tó ní etí. Kí ẹ̀gbọ́n kà wọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí. Ọmọ ọdún 5 tàbí 6 fẹ́ràn kíkà yìí gan-an, á sì máa kéde rẹ̀ bí ẹni ń ka owó.

– Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí bọ́tìnì ni mo bẹ̀rù jù lọ. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì dúró sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó inú ọ̀fun láàárín wákàtí 2 péré. Ẹ wo rìmóòtù, nǹkan ìṣeré tó ń tanná àti káàdì tó ń kọrin. Ilé bátìrì wọn gbọ́dọ̀ ní ìdè tó ń fẹ́ skúrúdiráfà. Bí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wo bóyá á jáde.

– Ẹ̀gbọ́n máa ń fi ìfẹ́ kó gbogbo nǹkan ìṣeré rẹ̀ sínú ibùsùn ọmọ tuntun, pẹ̀lú ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ibùsùn tó le tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n ní apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà kó máa kó ẹ̀bùn rẹ̀ sí.

– Òkè bẹ́ẹ̀dì olókè-àti-ìsàlẹ̀ kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, bí ó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó.

Ẹ má sì fi ẹ̀gbọ́n ṣọ́ àbúrò nínú omi ìwẹ̀, kódà bí ẹ fẹ́ mú aṣọ ìnura lásán.

Elétí Ọmọ

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló máa ń gbà mí lọ́kàn. Bí ẹ bá fetí sí ọmọ ọdún 4 tó ń bá ọmọ ọdún 2 sọ̀rọ̀, ẹ máa gbọ́ pé ohùn rẹ̀ yí padà: gbólóhùn kéékèèké, ó ń pe orúkọ, ó ní "wò ó, wò ó níbí." Kó yíjú sí àgbàlagbà báyìí, gbólóhùn á tún gùn. Marilyn Shatz àti Rochel Gelman ṣàkíyèsí èyí nínú ìwádìí kan ní 1973. Ọmọ tí a rò pé ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ti mọ̀ pé èdè kan wà fún kékeré, òmíràn wà fún àgbà. Tí ó bá wá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú tó le koko bí ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀rín á pa èèyàn.

Lẹ́yìn náà ló di ògbufọ̀. Àbúrò na ìka sí bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n ní, "Ó ní òun fẹ́ bisikíìtì. Ó ní kí ẹ fún èmi náà." Kí àbúrò lè rí àyè sọ tirẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sì ka ẹní, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún nínú yín kí ẹnikẹ́ni tó bá a dáhùn. Ẹ fún ògbufọ̀ níṣẹ́ mìíràn: kó máa fi ìka kà á pẹ̀lú yín.

Àbúrò náà ń jèrè o. Yuriko Oshima-Takane àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1996 pé ọmọ kejì máa ń já fáfá ju àkọ́bí lọ nínú lílo "èmi" àti "ìwọ." Ìdí rẹ̀ ni pé ó ń gbọ́ bí àwọn méjì ṣe ń sọ ọ́ sí ara wọn. Àkọ́bí tí òbí nìkan ń bá sọ̀rọ̀ máa ń gbọ́ "ìwọ" nígbà gbogbo, ó sì lè rò pé orúkọ òun ni.

Alágbàtọ́ Mẹ́ta

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba eré bojúbojú! Ọmọ ọdún 3 á sá sẹ́yìn kọ́tìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á wà níta. Wọ́n á ní "Níbo ló wà?", á fèsì pé "Mi ò sí níbí." Ibẹ̀ náà ló tún máa sá sí lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sá sí. Ẹ̀gbọ́n tó ti tó ọdún 6 á máa gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un pé kò yẹ kó dáhùn, á bínú, á wá gbé e pamọ́ fúnra rẹ̀.

Kí ọmọ tó tó bí ọdún 4 tàbí 5, ó ṣòro fún un láti mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn òun lè má sí lọ́kàn ẹlòmíì. Ní 1994, Josef Perner, Ted Ruffman àti Susan Leekam tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé láàárín ọmọ ọdún 3 sí 4, àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ń yege ju àwọn tó dá wà lọ nínú ìdánwò tó ń wò bóyá ọmọ mọ èyí. Bojúbojú, eré "jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé," àti ẹ̀tàn kéékèèké tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn jọ ilé ẹ̀kọ́. Fún eré náà: ibi ìsápamọ́ 5 tí gbogbo yín ti jọ wò ṣáájú, ẹni tó ń wá á kà dé 20, kọlọ́fín tó ní kọ́kọ́rọ́ àti àpótí tó ń dé pa kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Bàbá Onígi

Ìbéèrè mi lónìí: ẹjọ́. "Ó ń wò mí." "Ó mí sí mi lára." "Ó ń kọrin nínú ikùn rẹ̀." Kí lèèyàn ń ṣe sí èyí? Èrò tèmi ni pé ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn.

Onílàjà

Bàbá, mo gbà yín gbọ́ lórí "ó ń wò mí." Ìyẹn kò fẹ́ adájọ́. Ó ti sú ọmọ kan, tàbí ebi ń pa á, tàbí wọ́n ti jókòó pa pọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ẹ gbé wọn jìnnà sí ara wọn, ẹ fún wọn lómi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré. Bí ẹjọ́ bá sì dé, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi olùpẹjọ́: "Ṣé o fẹ́ kí n ran ẹnì kan lọ́wọ́, àbí o fẹ́ kí n bá ẹnì kan wí?" Ọmọ ọdún 5 á dúró, á rò ó, á sì sọ òtítọ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín: "Kí ẹ bá a wí."

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìjà bá jẹ́ láàárín ọdún 7 àti ọdún 4, "ẹ lọ parí rẹ̀" túmọ̀ sí pé ẹni tó tóbi ló máa borí nígbà gbogbo, ẹni tó kéré á sì kọ́ igbe àti gígé èèyàn jẹ. Afshan Siddiqui àti Hildy Ross, ní Kánádà, kọ́ àwọn ìyá ní ìlàjà. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004, lórí àwọn ọmọ ọdún 5 sí 10. Ìpele 4 ni, òbí kì í sì í dájọ́ nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni òfin: ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, ẹnìkan ń gbọ́, kò sí èébú, kò sí ọwọ́. Ẹ gbé ohun tí wọ́n ń jà sí sórí tábìlì, kó má wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkejì, kí olúkúlùkù sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì tún un sọ ní ṣókí: "O fẹ́ parí ilé tí ò ń kọ́. Ìwọ fẹ́ bíríkì pupa." Ìkẹta ló le jù: kí olúkúlùkù sọ bí ó ṣe rí lára òun, kí ẹnìkejì tún un sọ. Ìkẹrin, kí àwọn fúnra wọn mú àbá wá, ó kéré tán 3, kí wọ́n mú ọ̀kan. Ibi yìí ni ẹ ti máa gbọ́ àbá bíi "kó lọ máa gbé níbòmíràn." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i lójú wọn, torí ọmọ tí wọ́n bá fi àbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín kì í mú òmíràn wá.

Ohun tó ń da gbogbo rẹ̀ rú ni "Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?" Àwọn méjèèjì ní ìdáhùn, ìdáhùn méjèèjì sì jẹ́ òtítọ́ lójú ẹni tó sọ ọ́. Bí ọwọ́ bá ti ń fò tàbí eyín ti wọlé, ẹ yà wọ́n kíákíá, ẹ wo ẹni tó farapa, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 10. Inú tó ń ru kò gba ìlàjà.

Ìyá Oníṣirò

Onílàjà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ rí sí ti ọmọ ọdún 3 tó ń béèrè ìgbà tí ọmọ tuntun máa padà síbi tó ti wá?

Onílàjà

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Àlejò yòókù máa ń lọ. Judy Dunn àti Carol Kendrick tọ ìdílé 40 lẹ́yìn ní Cambridge, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1982. Níbi tí ìyá bá ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ tuntun bí ẹni tó ní ìfẹ́ inú tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín àwọn ọmọ náà máa ń tutù sí i lẹ́yìn náà. Nítorí náà ẹ máa bi í: "Wò ó, ó ń sunkún. Kí lo rò pé ó fẹ́?" Ìdáhùn lè jẹ́ "Ó fẹ́ bàtà mi." Ẹ gbà á yẹ̀ wò tọkàntọkàn.

Bí ẹni tó ti mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára, tàbí tó fẹ́ fi ìgò ọmọ ọwọ́ mu omi, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́, òun nìkan, fóònù ò sí níbẹ̀, kó yan eré fúnra rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbé ọmọ, kó jókòó sílẹ̀, ìrọ̀rí lábẹ́ ìgúnpá, ọwọ́ yín lábẹ́ orí ọmọ, ìṣẹ́jú 1 tàbí 2. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè kéde pé iṣẹ́ ti tán.

Elétí Ọmọ

Ẹnìkan á tún wá sọ pé àkọ́bí ló máa ń jẹ́ báyìí, àbíkẹ́yìn báyẹn. Ìwádìí Julia Rohrer, Boris Egloff àti Stefan Schmukle ní 2015, lórí èèyàn tó lé ní 20,000 ní Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, kò rí i pé ipò ìbí ń yí ìwà ọmọ padà lọ́nà tó nípọn. Ẹ wo ọmọ tó wà níwájú yín.

Alágbàtọ́ Mẹ́ta

Ó dáa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún mi: àwọn méjì tí wọ́n ti ń jà láti òwúrọ̀, tí wọ́n wá kọ̀ láti sùn ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí di òru ńkọ́?

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ fi wọ́n sí yàrá kan náà, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ́ wọn sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí kékeré wọlé ní ìṣẹ́jú 20 sí 30 ṣáájú, kí ẹ̀gbọ́n gba ìtàn tirẹ̀ ní yàrá mìíràn, kó wá yọ́ wọlé nígbà tí oorun bá ti gbé èkejì lọ. Ẹ fi iná kékeré sílẹ̀ fún un kó má baà kọsẹ̀. Ní ọjọ́ tí kò sí ilé ìwé lọ́la, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọn, kí ẹ sì fi aago oníyanrìn náà síbẹ̀. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ lè gbọ́ tí wọ́n ń jíròrò lórí ta ló máa di aago náà mú.